Kí Wọ́n Tó Wó Ilé Ìgbẹ̀bí Màmá Mi

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni màmá mi ní ọsibítù ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé tí aboyún bá ń ké lórí ìrọbí, tí màmá mi bá ti gbé ọwọ́ lé e léjìká, tí wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, onítọ̀hún á rọlẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Èkó. Wọ́n fẹ́ bàbá mi, ọmọ Mushin, àwọn méjèèjì sì kọ́ ilé ilẹ̀ kan sí àdúgbò wa tí kò jìnnà sí ojú irin. Nígbà tí bàbá mi kú, màmá mi gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sọ apá iwájú ilé náà di ilé ìgbẹ̀bí. Àwa ń gbé lẹ́yìn, àwọn ọmọ tuntun ń ké níwájú. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn.

Bàbá arúgbó kan nínú ẹbí tó ni ilẹ̀ ní àdúgbò wa ló ta ilẹ̀ náà fún wọn, nígbà tí èmi ṣì ń rá kòrò. Bàbá náà ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn tó kù nínú ẹbí tún lọ ta ilẹ̀ kan náà fún ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tó fẹ́ fi kọ́ ilé ìtajà alájà púpọ̀. Ọkùnrin yìí pe màmá mi lẹ́jọ́. Ohun tó sọ ni pé bàbá arúgbó yẹn kì í ṣe olórí ẹbí, kò láṣẹ láti ta ilẹ̀, nítorí náà òfo ni màmá mi rà. Ohun tí àwa sọ ni pé tí kò bá láṣẹ, kí ló dé tí gbogbo ẹbí fi panu mọ́ láti ọdún yìí wá? Ojú wọn la ṣe kọ́lé. Ojú wọn la ṣe gbé pátákó kọ́ sára ògiri. Àwọn ìyàwó ilé wọn ń wá bímọ níbẹ̀. Kódà, ọmọ-ọmọ ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí lónìí, ọwọ́ màmá mi ló kọ́kọ́ bọ́ sí nígbà tó wáyé.

Ẹjọ́ náà fà bí ilẹ̀ bí ẹní. Níkẹyìn, adájọ́ dá a fún ọkùnrin náà. Ó ní kí màmá mi kó jáde, kí ẹni tó ni ilẹ̀ sì lo ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọdún tí ẹbí yẹn fi dákẹ́, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ.

Ẹ̀gbẹ́ màmá mi ni mo jókòó sí. Mo ti di ọwọ́ wọn mú, nítorí mo rò pé wọ́n máa ṣubú. Wọn ò ṣubú. Wọ́n yíjú sí lọ́yà wa, wọ́n bi í pé ọjọ́ wo ni àwọn tó máa wá lé wa jáde ń bọ̀, nítorí obìnrin kan wà nílé tó lè bí nígbàkúùgbà, ó sì yẹ kí àwọn mọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ.

Ọ̀dọ́bìnrin ni lọ́yà wa, bóyá ẹgbẹ́ mi. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé kan ní Súrùlérè, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọ́tìnì, nítòsí Ojúẹlẹ́gbà. Tí ó bá ṣí fèrèsé, ohùn àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ ló máa gba inú yàrá kan. Tí ó bá tì í, ooru á fẹ́ pa wá. Ní ọjọ́ kejì ìdájọ́, ó ti fèrèsé, ó sì ṣàlàyé ohun tó kàn fún wa. Èmi ti ń sọ pé ṣebí a máa lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Ó mi orí.

“Àǹtí, pé a gbé ẹjọ́ lọ sókè ò ní kí ìdájọ́ tó wà nílẹ̀ má ṣiṣẹ́. Wọ́n lè wó ilé yẹn lọ́la. Kí kóòtù òkè wá sọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé màmá ló jàre, orí yẹ̀pẹ̀ lẹ máa ti gbọ́ ọ. Ẹ̀bẹ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀: kí wọ́n ní kí ìdájọ́ náà dúró ná, kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà, títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́ wa tán.”

Màmá mi bi í pé ta ni a máa bẹ̀. Ó ní òfin sọ pé kí á kọ́kọ́ lọ bẹ adájọ́ tó dá ẹjọ́ náà gan-an. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ó jọ pé kí a ní kí ẹni tó nà wá wá fi òróró pa wá lára. Ṣùgbọ́n a lọ. Adájọ́ gbọ́ wa, kò sì pẹ́ tó fi kọ̀. Ó ní ilé ni ilé, pé kò sí ilé tí owó ò lè rọ́pò, àti pé ẹni tó bá jàre kò yẹ kó máa wo èso ìdájọ́ rẹ̀ lórí igi láìká a.

Àárín ìgbà yẹn ló le jù fún mi. Ìròyìn ti tàn ká àdúgbò. Àwọn aboyún tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí lọ síbòmíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wá dágbére, àwọn kan ò yọjú mọ́. Màmá mi ò bínú sí ẹnì kan. Wọ́n ní aboyún tí kò bá mọ ibi tí òun máa bí sí, oorun ò lè kùn ún, pé ohun tó yẹ kí àwọn náà ṣe ni wọ́n ṣe. Àwọn àgbààgbà ìjọ màmá mi àti lèmọ́mù tó jẹ́ àbúrò bàbá mi para pọ̀, wọ́n lọ bá ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò náà nílé rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ó gbà wọ́n dáadáa, ó fún wọn ní omi mu. Ó ní òun ò bá màmá jà, àmọ́ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ilẹ̀ òun lòun fẹ́. Lèmọ́mù dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aboyún. Òun gan-an, ilé yẹn ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ rẹ̀ tó kéré jù.

Lọ́yà wá sílé wa láti kọ ìwé ìbúra tí a máa gbé lọ síwájú àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń yẹ aboyún wò, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí itan. Ó ní kí màmá mi sọ ìdí tí ilé náà ò fi gbọ́dọ̀ wó. Màmá mi sọ bí àwọn àti bàbá mi ṣe ń gbé búlọ́ọ̀kù lórí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n sọ bó ṣe dùn wọ́n tó. Lọ́yà gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kò sì tẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, “Mà, ẹ má bínú. Ó dùn yín lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bá fẹ́ wólé rẹ̀ ló máa ń dùn. Ohun tí kò ṣeé dá padà ni mò ń wá. Ohun tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti bà á jẹ́, kóòtù kankan ò lè tún un ṣe.”

Màmá mi wo bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Ìrọbí,” ni wọ́n sọ. “Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọbí, ẹ ò lè ní kó padà wá lọ́la. Ọmọ tó bá kú lójú ọ̀nà torí pé ìyá rẹ̀ dé ibí, kò bá ilé níbẹ̀, adájọ́ wo ló máa dá a padà?”

Ìgbà yẹn ni lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀wé. Ó tẹ̀ ẹ́ bí màmá mi ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n sọ bí ọ̀nà tó lọ sí ọsibítù ńlá ṣe ń kún, wọ́n sọ bí àwọn obìnrin tó ń sáré wọlé pẹ̀lú orí ọmọ tó ti yọ ṣe pọ̀ tó, àwọn tí kò sí bí wọ́n ṣe lè dé ibòmíràn. A fi ọwọ́ sí i, lọ́yà kó o mọ́ ìwé ẹjọ́ àti ìwé ẹ̀bẹ̀ wa, ó gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní erékùṣù Èkó, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí wọn. Ó fún mi ní ẹ̀dà ìwé ẹ̀bẹ̀ náà kan. Ó ní kí n má jẹ́ kó jìnnà sí mi.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n dé. Àárọ̀ ni, mo ti wọ bàtà tán láti lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Ìlúpéjú. Mo ṣí géètì, mo rí ọlọ́pàá, mo rí àwọn ọkùnrin tó gbé òòlù ńlá dání, mo rí bélífù, ìyẹn ẹni tí kóòtù máa ń rán láti wá lé èèyàn jáde. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó wọ fìlà, ó ki fáìlì bọ abẹ́ apá. Ẹnì kan tí ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò rán wá dúró tì í, ó ń sọ pé kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀. Bélífù kí mi, ó ní òun wá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán òun.

Kí n tó dáhùn, màmá mi ti jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ wọn méjèèjì, ó sì ti rin gbindin. Wọ́n gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀ kí ó má kan nǹkan kan.

“Ẹ káàárọ̀,” ni wọ́n sọ fún bélífù. “Obìnrin kan ń rọbí nínú ilé. Kò ní pẹ́ mọ́. Tí ẹ bá lè jókòó, kí n gbẹ̀bí rẹ̀ tán, kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ yín.”

Ẹni tí oníṣòwò náà rán wá ní irọ́ ni, ọgbọ́n ni wọ́n fẹ́ dá. Kò tíì sọ ọ́ tán tí obìnrin náà fi ké nínú yàrá, igbe kan tó gùn, tó wá di ìkérora. Àwọn tó gbé òòlù wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn rọra gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Bélífù ṣí fìlà.

“Màmá, ẹ padà sínú,” ló sọ. “Ẹ lọ dá a lóhùn.”

Mo fa ẹ̀dà ìwé ẹ̀bẹ̀ wa yọ nínú báàgì, mo nà án sí i. Ó gbà á, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún yẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa. Ẹni tí oníṣòwò náà rán wá ní ìwé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe àṣẹ, pé kóòtù òkè ò tíì ní kí wọ́n má wó o. Bélífù ní òótọ́ ni. Ó ní àmọ́ òun ti rí i, òun ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Pé òun ò ní wó ilé lé aboyún lórí, pàápàá nígbà tí òun ti rí i pé ọ̀rọ̀ ilé náà wà níwájú àwọn adájọ́ tó ju ọ̀gá òun lọ. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ìbòòji. Ẹni yẹn ń pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú títì. Àwọn aládùúgbò ti ń jáde síta díẹ̀díẹ̀, wọ́n dúró sẹ́nu géètì.

Nígbà tí ọmọ ké, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ọlọ́pàá kan tó ti ń wo ilẹ̀ láti àárọ̀ gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Bélífù dìde, ó kọ nǹkan sínú fáìlì rẹ̀, ó ní òun á lọ ròyìn ohun tí òun bá níbẹ̀ fún àwọn tó rán òun. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní géètì, ó ní, “Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ. Ẹ kú ewu.”

Lọ́yà fi gbogbo èyí kún ìwé ìbúra wa. Ìyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ búra sí i. Ó ní òun gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin lóde bí òun ṣe ń rọbí, òun sì ń rò ó pé ògiri ló máa wó lu òun.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa, màmá mi wọ aṣọ òkè aláró tí bàbá mi rà fún wọn. Lọ́yà ti sọ fún wa pé kí á má kó èrò wá, pé àwọn adájọ́ ò fẹ́ràn kí wọ́n fi èrò dẹ́rù ba àwọn. A ò kó èrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé inú kóòtù, mo rí àwọn obìnrin tí mo mọ̀ lójú, wọ́n jókòó káàkiri lórí àga ẹ̀yìn láìsún mọ́ ara wọn, bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Ọ̀kan ní ọmọ lẹ́yìn. Ẹnì kan nínú wọn ṣẹ́jú sí mi.

Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Ìyá àgbà kan ló wà láàárín, ó wọ awò ojú, ìwé wa wà níwájú rẹ̀, ó sì hàn gbangba pé ó ti kà á. Lọ́yà wa dìde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gùn. Ó ní ẹjọ́ tí a pè kì í ṣe ẹjọ́ àwàdà, pé ẹbí tó ta ilẹ̀ ti wo màmá mi níran títí ó fi kọ́lé, títí ó fi gbẹ̀bí ọmọ tiwọn gan-an, kóòtù ìsàlẹ̀ kò sì wọn ọ̀rọ̀ náà wò bó ṣe yẹ. Ó ní tí ilé bá wó, ẹjọ́ náà ti kú kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Lọ́yà wọn ti dàgbà, orí rẹ̀ ti funfun lábẹ́ wíìgì. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí. Ó ní oníbàárà òun ti jàre, pé ẹni tó bá jàre ló yẹ kó jẹ èso rẹ̀, pé tí àwọn bá wá pàdánù níwájú, oníbàárà òun lówó lọ́wọ́, á san owó ilé fún màmá.

Adájọ́ àárín gbé ojú sókè. “Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́. Tí a bá jẹ́ kí ẹ wó ilé náà, tí ẹ sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, tí a wá rí i pé obìnrin yìí ló jàre, kí ni ẹ máa kó fún un? Ṣé ẹ máa wó ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni?”

Lọ́yà àgbà náà ní owó lè yanjú ọ̀rọ̀.

“Mo ti gbọ́ ti owó,” ni adájọ́ sọ. “Àwọn obìnrin tó máa bí síbẹ̀ kí á tó dá ẹjọ́ yìí ńkọ́? Ta ni yóò san tiwọn?”

Lọ́yà àgbà náà wo ìwé rẹ̀. Ó ní òun fi í sọ́wọ́ kóòtù. Ó sì jókòó.

Àwọn adájọ́ wọlé lọ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Màmá mi ò gbàdúrà síta, wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò yí òrùka ìgbéyàwó wọn po. Nígbà tí wọ́n padà jáde, ìyá àgbà yẹn kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn ò tíì sọ pé ẹnì kan jàre tàbí jẹ̀bi, pé ìyẹn di ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́. Àmọ́ kóòtù kì í jẹ́ kí wọ́n pa ohun tí òun fẹ́ dá ẹjọ́ lé lórí kí òun tó dé ibẹ̀. Ó ní kí ìdájọ́ kóòtù ìsàlẹ̀ má tíì ṣiṣẹ́, kí ó dúró ná, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé náà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ó fún màmá mi náà ní àṣẹ tirẹ̀: wọn ò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan tuntun sí i, kí wọ́n má sì fi ẹjọ́ náà falẹ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mí kanlẹ̀. Níta, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màmá mi fẹ́ kúnlẹ̀ fún lọ́yà. Lọ́yà tètè di apá wọn mú, ó kúnlẹ̀ síwájú wọn dípò, pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀ àti gbogbo fáìlì rẹ̀.

“Ṣé ó ti parí?” ni màmá mi bi í.

“Kò tíì parí, mà. Ó ti dúró.”

“Ó tó mi,” ni wọ́n dáhùn. “Tó bá ti dúró, èmi náà á dúró.”

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀. Ó kí màmá mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá. Màmá mi gbà á, wọ́n sì ṣàdúrà fún un. Mo wò wọ́n tìyanutìyanu.

Àwọn obìnrin yẹn ti ṣáájú wa délé. Láti ìkọjá afárá, nígbà tí a ṣì wà lókè Ìjọra, ni fóònù mi ti ń dún léraléra. Àwọn tí wọn ò lọ fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Nígbà tí a yà sí àdúgbò wa, ojú títì ti kún. Àwọn ìyá gbé ọmọ dání, àwọn kan fa ọmọ tó ti ga tó wọn, tó ń tijú, wá síwájú màmá mi, wọ́n ní, “Èyí náà, ọwọ́ yín ni.” Lèmọ́mù ṣàdúrà, alàgbà ìjọ náà ṣàdúrà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ yẹ kó ṣe é. Ẹnì kan dá orin, gbogbo wa gbè é. Èmi tí kì í jó, mo jó títí bàtà mi kan fi já. Mo rí ìyàwó kan láti inú ẹbí tó ta ilẹ̀ yẹn, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ẹjọ́ gan-an ṣì wà níwájú kóòtù bí mo ṣe ń kọ èyí. A ti kó gbogbo ìwé tiwa sílẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn aboyún ti padà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá mi ní kí n pe lọ́yà, kí n bi í bóyá kíkùn ògiri ní ọ̀dà wà lára kíkọ́ nǹkan tuntun. Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí, ó ní rárá o, kí wọ́n máa kùn ún lọ.

Àwọ̀ ewé ni wọ́n mú. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n gbé àga síta, wọ́n jókòó ti ọkùnrin tó ń kùn ún, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ò tíì dé.

“Ẹ kùn ún kó jinlẹ̀ dáadáa,” ni wọ́n ń sọ fún un. “Òjò ń bọ̀, mi ò fẹ́ kó tètè ṣá.”